Kí A Tó Pààrọ̀ Irin, Ẹ Jẹ́ Kí A Wádìí Àrùn

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ní mọ́tò, àti gbogbo ẹni tí ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́, jùmọ̀ gbé yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ọkọ̀ àlòkù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kú lójijì lójú ọ̀nà, tí yóò sì tún jí nígbà tí ó bá wù ú. Àwa Yorùbá ti sọ ọkọ̀ tí wọ́n ti lò ní òkè òkun kí ó tó dé ọwọ́ wa ní Tòkunbọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ní irú àrùn yìí, Àbíkú ni orúkọ tí ó bá a mu jù. Ó ń kú, ó ń jí. Bí ó bá sì dé iwájú mẹkáníìkì, ara rẹ̀ a yá gágá bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣe é rí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Nàìjíríà nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹ wo Monrovia, olú-ìlú Làìbéríà, ìlú tí orúkọ rẹ̀ di ohun tí a ń gbọ́ lójoojúmọ́ láti ọdún 1990, nígbà tí àwọn ọmọ ogun wa lọ síbẹ̀ lábẹ́ ECOMOG. Ogun abẹ́lé náà parí ní ọdún 2003. Èbúté Freeport, tí a ṣí ní ọdún 1948, ni ọkọ̀ àlòkù ń gbà wọ ìlú náà láti Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń rí sí ọ̀ràn àyíká sọ ní ọdún 2020 pé, láàárín ọdún 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù kéékèèké ni Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Japan tà sí ilẹ̀ òkèèrè, Áfíríkà ni ó sì gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn.

Ìlú Monrovia kì í ṣe ibi tí ó rọrùn fún ẹ́ńjìnnì tí ó ti dàgbà. Òjò tí ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún lé ní 4,000 mìlímítà, èyí tí ó ju ìlọ́po méjì ti Èkó lọ. Etí òkun ni ìlú náà wà, atẹ́gùn oníyọ̀ a sì máa jẹ ẹnu wáyà àti orí bátìrì. Bí ọkọ̀ bá ti ń rìn bí ìgbín ní Tubman Boulevard, láti Sinkor lọ sí Paynesville, ooru ẹ́ńjìnnì a bo gbogbo ohun tí ó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan tún wà tí ń ta epo nínú ìgò ńlá lẹ́bàá ọ̀nà, ẹni tí ó bá rà á kò sì mọ̀ bí omi tàbí ìdọ̀tí bá wà nínú rẹ̀. Omi, iyọ̀, ooru àti ìdọ̀tí: ọ̀tá mẹ́rin nìyí, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kò lè fa àrùn tí ń wá tí ń lọ.

Kí ni a sábà máa ń ṣe sí i? Mẹkáníìkì a ní kí a ra pílọ́ọ̀gì tuntun. A rà á, ọkọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó tún kú. Ó ní kí a ra pọ́ǹpù epo. A rà á, ó tún kú. Ó kan kọ́ìlì, ó kan bátìrì, títí owó onímọ́tò fi tán, tí kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ohun tí ń ṣe ọkọ̀. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Fún ẹni tí ń fi takisí wá oúnjẹ òòjọ́, owó ilé-ìwé ọmọ ni ó ń bá irú iṣẹ́ “bóyá” bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀nà tí ó dára jù wà, kò sì le. Àwọn àgbà ní ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Àrùn tí ń sá pamọ́ ní àkókò tirẹ̀, ẹni tí ó bá mọ àkókò náà ni yóò mú un. Nítorí náà, awakọ̀ ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Kí ó ní ìwé kékeré kan nínú ọkọ̀, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú: aago mélòó ni? Ṣé ọkọ̀ ti gbóná? Ṣé òjò ń rọ̀? Ṣé inú kòtò ni ó wọ̀? Epo mélòó ni ó kù, níbo ni a sì ti rà á? Ìṣẹ́jú mélòó ni ó tó jí?

Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní ibi tí ó ń tọ́ka sí. Bí ọkọ̀ bá kú nígbà tí ó gbóná, tí ó sì jí lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 20 tàbí 30 tí ó ti tutù, kọ́ìlì tí ń fún pílọ́ọ̀gì ní iná ni kí a kọ́kọ́ fura sí, tàbí sẹ́ńsọ̀ tí ń sọ fún kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ bí ẹ́ńjìnnì ti ń yí. Ooru lè ya wáyà tín-ínrín inú wọn nípá, bí wọ́n bá sì tutù, a tún pàdé. Bí ó bá jẹ́ inú òjò nìkan ni, kí a wá ibi tí kọ́ìlì tàbí wáyà pílọ́ọ̀gì ti sán. Bí ó bá jẹ́ inú kòtò ni, kí a di orí bátìrì àti wáyà tí ó so mọ́ ara ẹ́ńjìnnì le dáadáa. Bí ó bá jẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ń gun òkè ni agbára ń tán, asẹ́ epo lè ti dí, tàbí kí pọ́ǹpù ti rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, àkókò tí ọkọ̀ kú gan-an ni kí a yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó tó jí. Ìbéèrè méjì ni: ṣé iná ń dé pílọ́ọ̀gì? Ṣé epo ń dé ẹ́ńjìnnì? Ẹ̀rọ kékeré tí kò wọ́n wà tí a fi ń wo ti iná. Ní ti epo, bí a bá ṣí kọ́kọ́rọ́, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, pọ́ǹpù a máa kùn díẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, kí a yẹ fíúsì àti wáyà rẹ̀ wò kí a tó dá pọ́ǹpù lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tú ọ̀nà epo lórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, nítorí iná.

Láti ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti fi dandan mú un pé kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní ojú kan náà tí a lè fi ẹ̀rọ ka àrùn tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti rí. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ tú bátìrì kí ó tó kà á lè pa gbogbo àkọsílẹ̀ náà rẹ́. Ó ti pa ẹlẹ́rìí kejì nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni kí a má sọ nọ́ḿbà náà di ìdájọ́. P0301 kò sọ pé kọ́ìlì ti bàjẹ́. Ohun tí ó sọ ni pé sílíńdà kìíní kò jó epo bí ó ti yẹ. Bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan bá ní kọ́ìlì tirẹ̀, kí a gbé ti èkíní sórí èkejì. Bí nọ́ḿbà bá di P0302, kọ́ìlì ni ó jẹ̀bi. Bí kò bá yípadà, a ti gba owó kọ́ìlì lọ́wọ́ òfò.

Àwọn kan yóò wí pé ọ̀gá mẹkáníìkì tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kò nílò gbogbo èyí, etí rẹ̀ tó o. Mo bọ̀wọ̀ fún irú etí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wáyà tí ó já nínú sẹ́ńsọ̀ kì í dún. Ẹ̀bi náà kò sì jẹ́ ti mẹkáníìkì nìkan. Àwa tí a ní mọ́tò kì í fẹ́ san owó ìwádìí. Bí ẹnìkan bá lo wákàtí mẹ́ta láti wá àrùn, tí ó sì di wáyà kan ṣoṣo, a ó ní kí ni ó ṣe? Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé pọ́ǹpù tuntun wá, a ó sanwó láìjiyàn. Irin ni a ń san owó fún, a kì í san owó fún ọgbọ́n. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ta irin fún wa.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ yín nìyí. Ní Kakata, nítòsí Monrovia, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ Booker Washington Institute ti wà láti ọdún 1929. Ní ilẹ̀ Làìbéríà kan náà ni àwọn ará Vai ti ń fi ọnà ìkọ̀wé tiwọn kọ èdè wọn, èyí tí Duwalu Bukele ṣe ní nǹkan bí àwọn ọdún 1830. Ta ni yóò wá sọ pé ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì kò lè kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀ ní èdè abínibí rẹ̀? Ẹ kọ́ ọmọ láti béèrè, láti dán an wò, láti kọ ọ́, kí ó tó dájọ́.

Àkókò kò dúró dè wá. Ní ọdún 2020, ìjọba àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí i pé kí ọkọ̀ tí yóò máa wọlé tó ìwọ̀n Euro 4. Ó dára bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀dọ̀fóró wa, ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ àti wáyà irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ, iṣẹ́ “bóyá” yóò sì gbówó lórí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orílẹ̀-èdè tí ń ra ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò kò gbọdọ̀ tún máa ra àìmọ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni a fi ń pa èèrà kí a tó rí ìfun inú rẹ̀. Kí onímọ́tò san owó ìwádìí, kí awakọ̀ kọ ìwé rẹ̀, kí mẹkáníìkì sì fi ẹ̀rí hàn kí ó tó ní kí a ra ohunkóhun.