Wáyà Íntánẹ́ẹ̀tì Nínú Ilé: Èwo Ni Tiwa, Èwo Ni Ti Oníṣẹ́?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ilé tiwa di ilé ọ̀fọ̀. Nítorí náà ni a kò ṣe fẹ́ fi í pamọ́ fún yín.

Ìbéèrè náà nìyí: bí ìdílé kan bá fẹ́ pààrọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fà bí ìgbín sí èyí tó yára, ṣé dandan ni kí wọ́n pe oníṣẹ́ láti wá ṣe wáyà inú ilé, àbí bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ lè fọwọ́ ara wọn ṣe é?

Àdúgbò kan tó yà kúrò ní Liverpool Road, ní Apapa, ni à ń gbé. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé ọ̀nà èbúté ni. Tírélà tó ru kọ̀ǹténà kì í jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi. Ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ ti pẹ́, wáyà tó wà nínú ògiri wọn sì dàgbà ju àwọn ọmọ tó ń gbé inú wọn lọ. Fún ọdún púpọ̀, fóònù ọwọ́ wa ni a fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ọmọ wa obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí múra ìdánwò JAMB, èyí tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n fi ń ṣe é láti 2015. Ó ní láti máa fi kọ̀ǹpútà dánra wò lálaalẹ́. Ni a bá gba fáíbà.

Àwọn òṣìṣẹ́ fà á wọlé láti orí òpó, wọ́n gbé àpótí rẹ̀ kọ́ sí pálọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àmọ́ yàrá ọmọ náà wà lẹ́yìn ògiri bulọ́ọ̀kù mẹ́ta, kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. A béèrè iye tí oníṣẹ́ iná kan yóò gbà láti fa wáyà débẹ̀. Owó náà pọ̀ lójú wa. Ni a bá sọ fún ara wa pé, kí ló wà nínú wáyà fífà? A ra wáyà, a tú ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì, a sì fa wáyà tiwa gba inú páìpù kan náà tí wáyà iná gbà. Ó bọ́ sí i! Inú wa dùn pé a ti ṣọ́wó ná.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni iná dé. Ọmọ wa ki kọ̀ǹpútà rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn, ìka rẹ̀ kan orí ìdè rẹ̀, ó sì figbe ta. Iná gbá a ṣubú sẹ́yìn. Ọpẹ́ ni pé iná náà kò lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. A gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù, wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò, wọ́n sì ní kí a máa mú un lọ sílé. Owó tí a san lálẹ́ ọjọ́ yẹn ju èyí tí oníṣẹ́ béèrè lọ.

Nígbà tí oníṣẹ́ dé lọ́jọ́ kejì, ó ṣí sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ó sì fi hàn wá. Wáyà íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ ló gbé iná. Bí a ṣe ń fipá fà á, ó ha awọ ara wáyà iná àtijọ́ bó. Èyí tó bó náà fara kan àpótí irin tó wà lẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì, iná sì ti ibẹ̀ dé orí ìdè. Bí ilé náà bá ní áàtì, èyíinì wáyà tó ń gbé iná tó ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, ó ṣeé ṣe kí kọ́táòtì ti já kí ọwọ́ ọmọ tó débẹ̀. Kò ní. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ̀ pé iṣẹ́ yìí pín sí mẹ́ta, olúkúlùkù sì ní ẹni tó ni ín.

Ẹ̀kíní ni èyí tó wà láti ìta títí dé àpótí inú pálọ̀. Ti ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ni. Nígbà ayé NITEL, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1985, wáyà bàbà ni fóònù ilé ń lò, ẹni tó bá sì ní páláyà lè lọ́ ọ pọ̀ bó bá já. Fáíbà kò rí bẹ́ẹ̀. Dígí tó tín-ín-rín bí irun orí ni, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń gba inú rẹ̀. Bí ó bá já, ẹ̀rọ pàtàkì ni wọ́n fi ń jó o pọ̀. Bí ẹ bá ká a kò jù, ìmọ́lẹ̀ á dínkù tàbí kí ó já. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má ṣe yọjú wo ẹnu rẹ̀, nítorí ojú wa kò lè rí ìmọ́lẹ̀ náà, ó sì lè pa ojú lára. Bí wáyà NITEL àtijọ́ bá wà nínú ògiri yín, ẹ má dààmú láti tún un ṣe. Fáíbà kò nílò rẹ̀. Àwọn ará wa tó wà ní ìlú London mọ irú ààlà yìí: lọ́dọ̀ wọn, wáyà tó dé sọ́kẹ́ẹ̀tì fóònù àkọ́kọ́ inú ilé jẹ́ ti Openreach, èyí tó kọjá rẹ̀ sì jẹ́ ti onílé.

Èkejì ni èyí tó wà láti àpótí dé ìdí kọ̀ǹpútà. Ìdílé lè ṣe èyí fúnra wọn, nítorí agbára tó ń gba inú wáyà náà kéré púpọ̀ sí ti iná ilé, tó jẹ́ fóòtì 230. Kí ẹ tó náwó rárá, ẹ fi wáyà kúkúrú so kọ̀ǹpútà mọ́ àpótí náà. Bó bá yára níbẹ̀, tó sì ń falẹ̀ ní yàrá, inú ilé ni ìṣòro wà. Nígbà mìíràn, kí a kàn gbé àpótí kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n sí ibi gíga láàárín ilé ti tó. Bí ẹ óò bá ra wáyà, ẹ béèrè Cat 5e tàbí Cat 6 tó jẹ́ bàbà gidi, kì í ṣe alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lára. Cat 5e lè gbé mẹ́gábíìtì 1,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, títí dé mítà 100. Wáyà wẹ́wẹ́ mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ mẹ́rin péré ni wọ́n so, kò ní kọjá 100, iye yòówù kí ẹ máa san lóṣù. Ara ògiri ni kí ẹ kàn án mọ́, kí ó jìnnà díẹ̀ sí wáyà iná.

Ẹ̀kẹta ni ohunkóhun tó bá kan iná: sọ́kẹ́ẹ̀tì títú, sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun fún àpótí, ògiri lílu níbi tí wáyà iná lè gbà, áàtì, àti síso jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà mọ́ ilé. Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ pe oníṣẹ́ iná, kí ẹ sì béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀. NEMSA ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dán àwọn oníṣẹ́ iná wò, tó sì ń fún wọn ní ìwé ẹ̀rí. Starlink tó dé Nàìjíríà ní oṣù kìn-ín-ní 2023 ṣeé gbé kalẹ̀ fúnra ẹni, ṣùgbọ́n bó bá di ọ̀rọ̀ orí òrùlé àti òpó irin nítòsí wáyà iná, iṣẹ́ oníṣẹ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ yá yàrá gbé, yálà ní Apapa tàbí ní Ajegunle, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó lu ògirikógiri.

Oníṣẹ́ náà yọ wáyà wa kúrò, ó pààrọ̀ èyí tó bó, ó sì ri irin áàtì mọ́lẹ̀ fún ilé náà. Lẹ́yìn èyí ni ọmọ wa ọkùnrin fi ìṣó wẹ́wẹ́ kan wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ẹsẹ̀ ògiri, ó gbà á lórí ìlẹ̀kùn, ó sì dé yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàárín ọ̀sán kan. Kò ná wa ní ohun púpọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Ṣùgbọ́n ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ọmọbìnrin náà tó lè fọwọ́ ara rẹ̀ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́. Àbúrò rẹ̀ ló ń bá a ki í bọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́wó ná níbi tó yẹ. Iṣẹ́ tí àṣìṣe rẹ̀ kò ju kí íntánẹ́ẹ̀tì má lọ, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi kọ́ṣẹ́. Èyí tí àṣìṣe rẹ̀ lè mú ẹ̀mí lọ, ẹ sanwó fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó di oṣù tó ń bọ̀.