Àwọn Tí A Ń Wádìí, Ẹ Jẹ́ Kí Á Di Olùwádìí

Ní ọdún 1963, Yunifásítì Ìbàdàn dá ètò ìlera kan sílẹ̀ ní Igbó-Ọrà, kí àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn lè jáde kúrò ní ọgbà ilé ìwòsàn ńlá, kí wọ́n wá wo bí àìsàn ṣe ń rí nílé àti lóko. Láti ìgbà náà ni àwa ará Ìbàràpá ti mọ̀ wọ́n: àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gbé ìwé dání, tí wọ́n ń ti ojúlé dé ojúlé, tí wọ́n ń béèrè iye ọmọ tí a bí, iye tí ó yè, àti irú omi tí à ń mu. Àwọn ìyá wa dá wọn lóhùn. Àwọn bàbá wa na apá fún wọn láti gba ẹ̀jẹ̀. Bí ilé-ẹ̀kọ́ wa ti ń ṣe àjọ̀dún yìí, tí a sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó dá wa sí, ìbéèrè kan wà tí àwa náà fẹ́ bi ara wa: ta ni nínú àwọn ọmọ wa ni yóò gbé ìwé náà dání lọ́la?

Èrò tiwa ni pé ó tó àkókò kí àwa òbí àti akẹ́kọ̀ọ́jáde mú ọ̀rọ̀ oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ìlera ní ọ̀kúnkúndùn. A kò sọ pé kò tíì sí ọmọ Ìbàràpá tí ó wọ ọ̀nà yìí. Wọ́n wà, a sì ń fi wọ́n yangàn. Ohun tí à ń sọ ni pé ọmọ tí ó bá wọ̀ ọ́ kì í rí ẹni tọ́ ọ sọ́nà, àti pé iṣẹ́ kíkọ ìwé ìbéèrè fún àyè náà wúwo ju ohun tí ọ̀dọ́ kan lè dá gbé lọ.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ rántí ohun tí ayé ti kọ́ lára wa. Ní ìgbẹ̀yìn àwọn ọdún 1960, Dókítà P. P. S. Nylander láti Yunifásítì Ìbàdàn ka ìbí ní Igbó-Ọrà, ó sì rí i pé ìbejì tó nǹkan bí 45 nínú ìbí 1,000. Ní Yúróòpù nígbà náà, díẹ̀ ni ó fi ju mẹ́wàá lọ. Ó fi hàn pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìbejì wa ni ó ń ti ara ẹyin méjì wá. Ó sì rí i pé èròjà ẹ̀jẹ̀ kan tí ń mú kí ẹyin obìnrin gbó, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní FSH, pọ̀ lára àwọn ìyá tí ń bí ìbejì ju ti àwọn tí ń bí ọmọ kan lọ. Ṣùgbọ́n kí ló fà á tí ó fi pọ̀? Àwọn àgbà wa ní ọbẹ̀ ìlasa àti àmàlà ni. Àwọn mìíràn ní ìdílé ni. Láti ọdún 2018 ni a ti ń ṣe àjọ̀dún ìbejì ní Igbó-Ọrà, tí àlejò ń ti ìlú òkèèrè wá wò wá, síbẹ̀ ìbéèrè náà kò tíì ní ìdáhùn tí ó parí.

Ẹ wo Ìdèrè pẹ̀lú. Àwọn tí ó ti dàgbà nínú wa kò gbàgbé sòbìà, kòkòrò gígùn bí okùn tí ń yọ lára ẹsẹ̀, tí í sá àgbẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ oko pọ̀ jù lọ. Àwọn olùwádìí láti Ìbàdàn, tí Joshua Adéníyì àti William Brieger wà lára wọn, ṣiṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ní ìlú yẹn. Wọ́n wá àìsàn náà nínú omi, wọ́n sì tún jókòó gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn gbà gbọ́. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé inú ẹran ara ènìyàn gan-an ni sòbìà ti ń wá. Èrò yìí kì í ṣe èrò òmùgọ̀. Nǹkan bí ọdún kan ni ó máa ń gbà lẹ́yìn tí ènìyàn bá mu omi odò tí ó ní kòkòrò kí sòbìà tó yọ jáde. Ta ni yóò rántí omi tí ó mu ní èṣí? Ẹni tí kò bá gbọ́ èdè wa, tí kò sì ní sùúrù, kò lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́. Nígbà tí a ka àwọn tí ó ní àìsàn yìí jákèjádò Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n lé ní 650,000. Ní ọdún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé orílẹ̀-èdè wa ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, kànga, àti ẹ̀kọ́ tí ó wọ etí ni wọ́n fi ṣẹ́gun.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wa ti kan ọmọ tí ń kọ ìwé ìbéèrè. Ohun àkọ́kọ́ tí Yunifásítì ń wá lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé ni ìbéèrè tí ó jinlẹ̀, tí ó mọ ìdí rẹ̀, tí ó sì ṣe tán láti fi ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún lé. Ọ̀pọ̀ ọmọ a máa kọ ọ́ pé láti kékeré ni sáyẹ́ǹsì ti wù wọ́n, pé wọ́n fẹ́ ran aráyé lọ́wọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń kọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó bá lè sọ pé, ‘Ní ìlú ìyá mi, ìbejì pọ̀ báyìí, ohun tí Nylander rí nìyí, ohun tí kò tíì yé wa nìyí, ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà wá a nìyí,’ ọmọ náà ti yàtọ̀. Ọrọ̀ yìí wà lẹ́nu ọ̀nà wa, a kò sì kọ́ àwọn ọmọ wa láti fi ọwọ́ kàn án.

A mọ ohun tí ọ̀pọ̀ òbí yóò sọ. Wọn yóò ní, ‘Kí ọmọ mi di dókítà tí ń wo aláìsàn, èwo ni ti ìwé kíkà tí kò lópin?’ A kò bá wọn jà. Ìbàràpá kò lè gbàgbé Dókítà Olúyọ̀mbọ̀ Awójọbí, tí ó wá sí Èrúwà ní ọdún 1983, tí ó dá ilé ìwòsàn tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1986, tí ó sì wà níbẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé ní 2015. Ṣùgbọ́n kí ni ó mú kí orúkọ rẹ̀ rìn jìnnà? Ó kọ̀ láti gbà pé ohun tí kò sí kò lè sí. Nígbà tí kò sí iná mànàmáná láti yí ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ó fi àgbá ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe tirẹ̀. Ọkàn olùwádìí nìyẹn lára oníṣẹ́ abẹ. Ẹ tún wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèwálé Tòmóri. Dókítà ẹranko ni. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ fáírọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn ní ọdún 1976. Lẹ́yìn náà ó bá Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣiṣẹ́ láti gbé àwọn láàbù tí ń ṣọ́ àìsàn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kalẹ̀ ní Áfíríkà. Dókítà a máa wo ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ sàn. Iṣẹ́ olùwádìí a máa dé ọ̀dọ̀ ọmọ tí kò ní fojú rí láéláé.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé ìwádìí lè ba ìgbàgbọ́ ọmọ jẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rántí Dáníẹ́lì ní ààfin Bábílónì. Kò fi ariwo gbèjà oúnjẹ tirẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́wàá dán òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun wò, kí wọ́n wá fi ojú wọn wé ti àwọn tí ń jẹ oúnjẹ ọba. Ó dá iye ọjọ́, ó yan àwọn tí a ó fi wọ́n wé, ó sì gbà kí èsì sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó mọ Ọlọ́run kì í sá fún àyẹ̀wò.

Ní ti ìwé ìbéèrè fúnra rẹ̀, ó yẹ kí òbí mọ bí ó ṣe ń lọ. Nílé níhìn-ín, ọmọ yóò gba oyè àkọ́kọ́, yóò gba oyè kejì, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ti ọ̀mọ̀wé. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ Yunifásítì a máa gba ẹni tí ó ní oyè àkọ́kọ́ nìkan. Ẹ̀kọ́ náà a máa tó ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà. Nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ìlera níbẹ̀, Yunifásítì ló sábà máa ń san owó ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì tún ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní owó ìgbọ́bùkátà. Ní ọdún àkọ́kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ a máa yí ká láàbù méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó yan ọ̀gá tí yóò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní Bìrìtìkó, ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ni. Níbẹ̀, ó dára kí ọmọ kọ̀wé sí olùkọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ìbéèrè rẹ̀ mu kí ó tó fi ìwé sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí òbí ṣọ́ra: ìgbàwọlé ọ̀tọ̀, owó ọ̀tọ̀. Ìwé ìgbàwọlé tí kò ní owó nínú dà bí ìkésíni síbi àsè tí àlejò yóò fúnra rẹ̀ ra màlúù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ nítorí irú ìwé bẹ́ẹ̀ láìkọ́kọ́ béèrè bóyá àwọn tí ń fúnni ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yóò gbà á.

Kò sì pọn dandan kí ọmọ kọjá òkun. Ní Yunifásítì Ìbàdàn ni ẹ̀ka Yunifásítì Àpapọ̀ Áfíríkà tí ń kọ́ni ní ìmọ̀ ohun ẹlẹ́mìí àti ilẹ̀ wà. Ní Ẹdẹ, ní Yunifásítì Redeemer’s, ibùdó ACEGID tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi darí ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ láti ka jíìnì àwọn kòkòrò àìsàn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, àwọn àti alábàáṣiṣẹ́ wọn ni ó kọ́kọ́ ka jíìnì kòkòrò Kòrónà ní Áfíríkà. Ní Legon, ní Gánà, ibùdó WACCBIP ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà.

Níbo wá ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú? Nínú ohun kéékèèké ni. Ọ̀pọ̀ Yunifásítì Amẹ́ríkà a máa ti ilẹ̀kùn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá fún ẹ̀kọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún kejì. Ẹnìkan nínú wa gbára dì ní ọdún kan: ìbéèrè rẹ̀ dára, èsì rẹ̀ dára. Ó san owó transcript ní oṣù Kẹsàn-án sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó ti jáde. Ó lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀; ìwé náà jáde ní oṣù Kìíní. Ọdún kan odindi lọ báyẹn, kì í sì ṣe nítorí pé ọpọlọ rẹ̀ kò tó. Lẹ́tà àwọn olùkọ́ mẹ́ta tí ó mọ iṣẹ́ ọmọ dáadáa tún ń bẹ níbẹ̀. Olùkọ́ tí ó kọ́ ẹgbẹ̀ta ọmọ ní kíláàsì kan kò lè jẹ́rìí ju pé ọmọ náà gba máàkì tó dára. Ọmọ tí ó bá ti ń ran olùkọ́ lọ́wọ́ ní láàbù láti ìpele kẹta ni ẹlẹ́rìí rẹ̀ yóò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni à ń béèrè ní àjọ̀dún yìí. Ẹ̀yin òbí wa, bí ọmọ bá ní ìwádìí ni òun fẹ́ ṣe, ẹ má ṣe pè é ní ẹni tí ń sá fún iṣẹ́. Ẹ bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ wádìí, kí ẹ sì gbọ́ ọ dópin. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tí ẹ ti gba oyè yìí, nílé àti lẹ́yìn odi, ẹ gbà láti ka ìwé ọmọ kan péré lọ́dọọdún, kí ẹ fi ìkọ̀wé pupa tọ́ ọ, kí ẹ sì sọ fún un pé ó lè bẹ Yunifásítì láti yọ̀ǹda owó ìforúkọsílẹ̀ fún un. Kí ẹgbẹ́ wa sì ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún transcript àti owó ìforúkọsílẹ̀. Ní ìkẹta, kí á tún láàbù ilé-ẹ̀kọ́ wa ṣe kí á tó tún ẹnu-ọ̀nà ọgbà kùn. Ọmọ tí kò tíì fi ojú kan maikirosíkópù títí ó fi kúrò lọ́wọ́ wa, ọ̀nà ti jìn fún un kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní bí a bá rán wọn lọ, wọn kò ní padà. Àwọn kan kò ní padà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìbéèrè rẹ̀ ti Igbó-Ọrà tàbí Ayétẹ̀ wá, ìbéèrè náà yóò máa fà á wá sílé, bí kò bá tilẹ̀ ju kí ó wá jókòó ti àwọn ìyá wa, kí ó sì bi wọ́n ní èdè tí wọ́n gbọ́. Àwọn ìyá wa ti ń dáhùn láti ọdún 1963. Ó wù wá kí ẹni tí yóò tún bi wọ́n jẹ́ ọmọ tí àwọn fúnra wọn bí. Kí Ọlọ́run tí ó fi ọgbọ́n fún Dáníẹ́lì fi fún àwọn ọmọ wa pẹ̀lú. Àmín.