Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Tí Ó Kọ̀ Tí Kò Ṣí

Ojú ń tì mí láti sọ ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e mì, ẹlòmíràn lè kó sínú ohun tí Ọlọ́run yọ mí nínú rẹ̀.

Ó tó oṣù méjì tí ilẹ̀kùn awakọ̀ nínú ọkọ̀ mi kò ti gba kọ́kọ́rọ́ mọ́. Kọ́kọ́rọ́ á wọlé, á sì yí, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kò ní dá a lóhùn. N kò kọbi ara sí i, nítorí pé rìmóòtù ni mo fi ń ṣí i. Nígbà tí ó yá, rìmóòtù náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Àfi kí n sún mọ́ ọkọ̀ pẹ́kípẹ́kí kí n sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Bàbá àwọn ọmọ mi ní kí n gbé e lọ bá rewáyà. Mo ní ó di Sátidé. Sátidé mẹ́jọ kọjá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo dúró ní Command láti ra oògùn ikọ́ fún àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́ta. Ó ti sùn lọ lẹ́yìn ọkọ̀. Mo rò pé n kò ní pẹ́. Mo pa ọkọ̀, mo gbé gbogbo gíláàsì sókè, mo sì tì í nítorí àwọn gbọ́mọgbọ́mọ. Èrò pọ̀ nínú ilé oògùn. Nígbà tí mo padà dé, mo tẹ rìmóòtù títí, kò dún. Mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn, ó ń yí lásán. Ọmọ ti jí, ó ń sunkún, òógùn sì ti bo ojú rẹ̀.

Mo figbe ta. Àwọn onímọ́tò àti àwọn ìyá tí ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà sáré dé. Ẹnìkan lọ pe ọ̀dọ́mọkùnrin rewáyà kan. Ó ki èèkàn igi pẹlẹbẹ bọ etí òkè ilẹ̀kùn, ó ti wáyà gígùn gba àlàfo náà, ó sì fi fa ọwọ́ ilẹ̀kùn láti inú. Ó ṣí. Lójú tèmi, odidi ọjọ́ kan ni ó gbà á.

Bí mo ti gbá ọmọ mi mọ́ra, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, "Ẹ má bínú, màmá. Ilẹ̀kùn yìí ti ń bá yín sọ̀rọ̀ tipẹ́. Bí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ má dúró dè mí. Ẹ fi nǹkan líle gbá igun gíláàsì ẹ̀gbẹ́ tí ó jìnnà sí ọmọ. Gíláàsì ṣe é rà lọ́jà. Ọmọ kò ṣe é rà."

Òtítọ́ ni. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, òkú ọmọdé mẹ́jọ ni wọ́n bá nínú ọkọ̀ àpatì kan ní agbègbè Jah-Michael, lójú ọ̀nà Badagry, ní Èkó wa níbí. Ìwádìí kan tí àwọn oníṣègùn gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2005 fi hàn pé láàárín wákàtí kan, ooru inú ọkọ̀ tí a pa sínú oòrùn lè fi nǹkan bí 22°C ju ti ìta lọ, àti pé láàárín ìṣẹ́jú 30 àkọ́kọ́ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń dé. Ṣíṣí gíláàsì díẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dín in kù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé ọkọ̀ lọ bá rewáyà náà. Ó tú ike inú ilẹ̀kùn, ó fi ohun tí ó bàjẹ́ hàn mí: ike kékeré kan, tí kò tó èékánná mi, tí ó so ọ̀pá irin mọ́ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀, ni ó kán. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó fi gíríìsì sí i, ó sì fi bátìrì tuntun sí rìmóòtù. Kò tó wákàtí kan.

Ó kọ́ mi ní ohun tí ilẹ̀kùn ń wí. Bí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bá ṣí láti ìta tí kò ṣí láti inú, ẹ kọ́kọ́ wo irin tíńtín tí a fi ń dá ọmọdé dúró, ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn náà. Ẹnìkan lè ti yí i. Bí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo bá kọ̀ tí kò dá rìmóòtù lóhùn, wáyà tí ó gba inú rọ́bà ẹ̀gbẹ́ hínjì lè ti já, tàbí kí mọ́tò kékeré inú rẹ̀ ti kú. Bí gbogbo wọn bá dákẹ́, ẹ yẹ bátìrì àti fíúùsì wò.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀kan ìrókò. Ẹ dìde lónìí, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ lásán ṣí ọkọ̀ yín, kí ẹ mọ̀ bóyá ó ṣì ń gbọ́. Bí ọmọ bá sì wà lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀, ì báà ṣe oorun ni ó ń sùn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi pa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ fún bàbá àwọn ọmọ mi. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, kò bá mi wí. Ó kàn gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó jáde, ó sì ń dán ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó dọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.