Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà, Títí Dé Orí Ayélujára

Bí nǹkan bá dí mọ́ ènìyàn lọ́wọ́, òwe tí a sábà máa ń fi tù ú nínú ni pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí wọn kò fún ní físà, ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a ń pa á fún wọn. Ìtùnú náà dára, ṣùgbọ́n lójú tèmi, òwe yìí ju ọ̀rọ̀ ìtùnú lọ. Àwọn tó dá ọjà sílẹ̀ kò dúró dìgbà tí ọ̀nà kan bá dí kí wọ́n tó la òmíràn. Ọ̀nà ti pọ̀ kí ìjà tó dé, ará abúlé kọ̀ọ̀kan ló sì ń ro ọ̀nà tó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìtàn wa jẹ́rìí sí i. Nígbà tí ogun dé láàárín Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá ní 1877, èyí tó padà fẹjú di ogun Kírìjì, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ni wọ́n wà lójú ọ̀nà etí òkun, wọ́n sì sé e mọ́ Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀ láti etí òkun ni ìbọn àti ẹ̀tù ti ń wọlé. Èyí tó ṣẹ́kù fún wọn ni ọ̀nà Oǹdó, tí Glover, alákòóso Èkó, ti ṣí ní nǹkan bí 1872. Ọ̀nà náà jìn, inú igbó ló gbà, ṣùgbọ́n ó ti wà nílẹ̀ kí ogun tó bẹ̀rẹ̀.

Kí ló wá kan àwa tí a ń gbé Marietta, ní Georgia, nínú èyí? Ẹ wo ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ, ẹgbẹ́ àsáláátù. Orí WhatsApp ni gbogbo wọn ń gbé. Ibẹ̀ la ti ń gbọ́ ẹni tó ṣaláìsí àti ẹni tó bímọ, ibẹ̀ la ń kọ orúkọ àwọn tó dáwó sí, ibẹ̀ náà ni àwòrán ayẹyẹ wa wà. Àwọn kan á ní àwọn ní Facebook pẹ̀lú, àwọn sì ní Instagram. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Meta ló ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó rò pé òun ní ọ̀nà mẹ́ta, ẹyọ kan péré ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

A rí i ní ọjọ́ Ajé, 4 October 2021. Kó tó di agogo méjìlá ọ̀sán níbí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì tó wákàtí mẹ́fà kí wọ́n tó padà. Kò sí olè, kò sí iná. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà ló ń tún ẹ̀rọ wọn ṣe, wọ́n pa àṣẹ kan tó já okùn tó so gbogbo ibùdó ẹ̀rọ wọn pọ̀, àwọn sáfà (server) tó ń júwe ọ̀nà Facebook fún ayé sì dákẹ́. Kọ̀ǹpútà kárí ayé ń béèrè ọ̀nà, kò sí ẹni tó lè dá wọn lóhùn. Ọjà náà wà níbi tó wà, ẹrù kún inú rẹ̀, ọ̀nà tó wọ̀ ọ́ ló pòórá.

Àṣìṣe nìyẹn. Ti Twitter ní Nàìjíríà lọ́dún kan náà, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ní 2 June, Twitter pa ọ̀rọ̀ tí Ààrẹ Buhari kọ rẹ́. Ní 4 June, ìjọba kéde pé àwọn ti fòfin dè é, àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù sì tì í pa. Ó di 13 January 2022 kí wọ́n tó ṣí i. Àwa tí a wà ní Marietta ń kà á bó ṣe wù wá. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Òṣogbo kò lè rí i àfi bó bá mọ bí wọ́n ṣe ń lo VPN láti gba orílẹ̀-èdè mìíràn wọlé. Ní July 2022, ilé-ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé ìfòfindè náà kò bófin mu, ṣùgbọ́n oṣù méje ti lọ. Ilé-iṣẹ́ kan lè pa ọ̀rọ̀ ààrẹ orílẹ̀-èdè rẹ́, ìjọba kan lè ti gbogbo ará ìlú síta, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń nájà níbẹ̀. Ìjọba fúnra rẹ̀ kó lọ sórí Koo, ojú òpó tó jọ Twitter, ti àwọn ará Íńdíà. Ní 2024, Koo kógbá sílé.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní 2016, ọ̀dọ́kùnrin kan ní Jámánì, Eugen Rochko, gbé Mastodon jáde. Ó jọ Twitter lójú, ṣùgbọ́n kò ní olówó kan tó jókòó sáàárín. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní Marietta lè ní sáfà tiwọn, kí wọ́n ṣòfin tiwọn, kí ẹgbẹ́ mìíràn ní Ìbàdàn ní tiwọn lọ́tọ̀, kí àwọn méjèèjì sì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń lo Gmail ṣe ń kọ ímeèlì sí ẹni tó ń lo Yahoo. Ìlànà tó mú èyí ṣeé ṣe, ActivityPub, ti gba òǹtẹ̀ W3C, àjọ tó ń ṣètò ìlànà ayélujára, láti January 2018. Bí sáfà kan bá kú, àwọn yòókù ń bá iṣẹ́ lọ. Nextcloud náà wà fún ìwé àti àwòrán: ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà tiyín tàbí sáfà tí ẹ háyà, kò sí ẹni tó máa gba owó sọ́fítíwíà lọ́wọ́ yín.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní iṣẹ́ àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà nìyẹn, kó wo ohun tí àwọn onílé-ìkàwé ṣe ní Georgia tí a ń gbé yìí. Àjọ tó ń bójú tó ilé-ìkàwé ìlú ní ìpínlẹ̀ náà ní ètò kan tó ń jẹ́ PINES, tó so ilé-ìkàwé rẹpẹtẹ pọ̀ débi pé káàdì kan ṣoṣo la fi ń yá ìwé nínú gbogbo wọn. Nígbà tó yá, sọ́fítíwíà tí wọ́n ń lò kò gbà wọ́n mọ́. Wọ́n wo èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń tà, wọn kò rí èyí tó tó wọn. Ní 2004 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tiwọn, tí wọ́n pè ní Evergreen. Ní September 2006, Evergreen bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé-ìkàwé tó lé ní 250 lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n sì ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní open source: ẹni tó bá fẹ́ lè mú un, kó lò ó, kó tún un ṣe. Àwọn ará Indiana mú un, àwọn ará British Columbia ní Kánádà mú un, àtúnṣe tí ẹnì kan bá sì ṣe ń dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù. Inú mi máa ń dùn sí ìtàn yìí, nítorí owó ìlú ni wọ́n fi kọ ọ́, ìlú náà ló sì ń jẹ ẹ́.

Èdè wa pàápàá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1 March 2012, Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ènìyàn jọ láti máa fi Yorùbá kọ̀wé lórí Twitter lọ́jọ́ kan, kí ilé-iṣẹ́ náà lè fi èdè wa kún èyí tó ń lò. Iṣẹ́ takuntakun ni, mo sì yìn wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ni. Nínú sọ́fítíwíà tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ẹ̀bẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹ tú u sí Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. YorubaName.com, tí Túbọ̀sún náà dá sílẹ̀ fún ìtumọ̀ orúkọ wa, ṣí kóòdù tirẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

N kò ní tan ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà tí a kò bá ro, igbó á bò ó. Sáfà ń fẹ́ àtúnṣe lóòrèkóòrè, ó ń fẹ́ ẹ̀dà mìíràn tó wà níbòmíràn, ó ń fẹ́ owó díẹ̀ lóṣooṣù. Bí páásíwọ́ọ̀dù bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, tí onítọ̀hún sì ríṣẹ́ sí Texas, ẹgbẹ́ náà tún ti bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan. Ó kéré tán, kí ènìyàn méjì mọ̀ ọ́n. N kò sì ní kí ẹnikẹ́ni lé ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn kúrò lórí WhatsApp. Ibi tí ìyá wà ni ọmọ ń lọ bá a. Kí àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́, orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ àti àwòrán wà níbi tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ni, lórí ojú òpó tí ẹgbẹ́ fi orúkọ ara rẹ̀ rà, kí WhatsApp sì jẹ́ agogo tí a fi ń pe ènìyàn.

Nítorí náà, ní ìpàdé yín tó ń bọ̀, ẹ bi akọ̀wé níbi tí ìwé ìpàdé ọdún márùn-ún sẹ́yìn wà, àti bí ẹgbẹ́ yóò ṣe rí i bí fóònù rẹ̀ bá sọnù. Bí kò bá ní ìdáhùn, ẹ má dìde títí ẹ ó fi yan ènìyàn méjì tí yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà.