ÌMỌ̀RÀN FÚN ÌDÍLÉ: Ọyẹ́, Èédú àti Iyàrá Títì

Ọyẹ́ kì í pẹ́ dé. Bí oṣù kejìlá bá ti wọlé, afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eruku wá bo Olódò àti gbogbo abúlé tó yí wa ká, títí oṣù kejì yóò fi máa parí lọ. Ètè yóò sán, imú yóò gbẹ, omi ìwẹ̀ àárọ̀ yóò di ohun tí àwọn ọmọdé ń sá fún. Síbẹ̀ a kì í dúpẹ́ ọyẹ́ tó, nítorí òun náà ló ń bá wa gbẹ èlùbọ́.

Ohun tí mo fẹ́ bá ìdílé sọ lóṣù yìí kọjá ètè sísán. Iná tí a fi ń lé òtútù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ó ń pa èèyàn lójú oorun, kì í sì í pariwo kí ó tó pa wọ́n.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé, “Pásítọ̀, a ti fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo ilé kí a tó sùn.” Àmín, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo Pọ́ọ̀lù. Nígbà tó wà nínú ẹ̀wọ̀n, ó kọ̀wé sí Tìmótíù pé kí ó bá òun mú aṣọ ìlékè tí òun fi sílẹ̀ ní Tíróásì bọ̀, kí ó sì gbìyànjú láti dé kí ìgbà òtútù tó wọlé (2 Tímótì 4:13 àti 21). Ní Tíróásì yìí kan náà ni Ọlọ́run ti lò ó láti jí ọ̀dọ́mọkùnrin tó já bọ́ láti ojú fèrèsé dìde (Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 20). Ẹni tí Ọlọ́run lò láti jí òkú ló ń béèrè aṣọ òtútù, kí òtútù tó dé. Kò sọ pé ìgbàgbọ́ ni òun yóò dà bora.

Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ló ní ọmọ tàbí àbúrò ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, Amẹ́ríkà. Ooru ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi tiwa, nítorí náà a kò kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ fún òtútù líle. Ní oṣù kejì ọdún 2021, òjò dídì àti òtútù tí wọn kò rí irú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kọlu ìpínlẹ̀ náà. Iná mànàmáná lọ ní ilé tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin. Ìjọba Texas ka èèyàn 246 tó kú. Òtútù fúnra rẹ̀ ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí òtútù kò pa. Wọ́n ta mọ́tò sílẹ̀ nínú gáréèjì tó so mọ́ ilé kí wọ́n lè yá ooru inú rẹ̀; wọ́n gbé ohun tí wọ́n fi ń sun ẹran lóde wọ pálọ̀; wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ sí ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ni wọ́n gbé dé ilé ìwòsàn nítorí irú èyí, àwọn mìíràn kò sì jí mọ́.

Bí a bá ń gbọ́ èyí, kí a má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun ni. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, nínú ìgbà ọyẹ́, wọ́n bá òkú ọ̀dọ́ méje nínú iyàrá kan ní Yenagoa, Ìpínlẹ̀ Bayelsa, níbi tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fura sí. Bí mo bá sì lọ kí ìyá ìkókó nínú ọyẹ́ ní àdúgbò tiwa, mo mọ ohun tí mo sábà máa ń bá: ilẹ̀kùn ní títì, àkísà lábẹ́ ilẹ̀kùn, páálí lójú fèrèsé, àdògán èédú tó pọ́n dẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá àgbà yóò ní, “Bí àwa náà ṣe tọ́ bàbá rẹ̀ nìyẹn.”

Ìyá wa kò parọ́. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti tọ́ bàbá rẹ̀ kọ́ ni ilé tí a wà yìí. Ilé amọ̀ tí a fi koríko bò ní àlàfo láàárín ògiri àti òrùlé, èéfín ń bá ibẹ̀ jáde, afẹ́fẹ́ sì ń bá ibẹ̀ wọlé. Igi ni wọ́n sì ń dá. Èéfín igi yóò ta ojú, yóò mú èèyàn húkọ́, yóò lé e jáde kí ó tó pa á. Lónìí, bíríkì la fi mọ ilé, sílìǹ wà lókè, gíláàsì wà lójú fèrèsé. Èédú tó sì ti pọ́n kì í rú èéfín, kò sí ohun tí yóò ta ọ́ lójú. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀. Èédú, igi, bẹntiróòlù, kẹrosíìnì àti gáàsì ìdáná, bí afẹ́fẹ́ kò bá tó wọn níbi tí wọ́n ti ń jó, máa ń tú gáàsì kan jáde tí à ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Òórùn tí à ń gbọ́ lára jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Bí a bá mí in sínú, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Àyè tí ẹ̀jẹ̀ ìbá fi gbé ọ́síjìn lọ sí ọpọlọ àti ọkàn, àlejò yìí ti gbà á. Ìkókó máa ń mí kíákíá ju àgbà lọ, nítorí náà ó máa ń tètè mu ún sára. Oyún inú náà kò ráyè sá.

Àmì rẹ̀ ni orí fífọ́, òòyì, èébì àti àárẹ̀. Ẹ ò rí i pé ó jọ ibà? Mo sì ti gbọ́ kí wọ́n pè é ní ọfà òru. Ẹ̀yin ará, èmi kò sọ pé kò sí ọ̀tá. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ará ilé bá jí lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú orí fífọ́, tí ara sì yá wọn nígbà tí wọ́n jáde síta, kí bàbá ilé kọ́kọ́ lọ wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀.

Bí ẹ bá bá ẹnìkan tó ti dákú, ẹ ṣílẹ̀kùn gbayawu, ẹ wọ́ ọ síta kíákíá, kí ẹ̀yin náà má dúró nínú ilé. Ẹ má ṣe ro epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun pa á. Ẹ pe 112, tàbí 615 ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tàbí kí ẹ gbé e sọ́kọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn tó ní ọ́síjìn. Nínú afẹ́fẹ́ lásán, ó lè tó wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún kí ìdajì gáàsì náà tó jáde lára; ọ́síjìn ilé ìwòsàn ló ń mú un yá. Ẹ lè máa gbàdúrà lọ nínú ọkọ̀.

Kí wá ni ká fi lé òtútù? Aṣọ ni, gẹ́gẹ́ bíi ti Pọ́ọ̀lù. Ẹ ra kúbùsù àti súwẹ́tà ní ọjà òkìríkà nísinsìnyí tí owó rẹ̀ kò tíì gòkè. Ẹ wọ fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ fún ìkókó, kí ara ìyá rẹ̀ máa mú un móoru. Ẹ gbé ẹní àwọn ọmọ kúrò lórí sìmẹ́ńtì lásán. Ẹni tó ní ọmọ tó ń bá àrùn fòníkú-fọ̀ladìde jà, kí ó ṣe é pẹ̀lú ìtara púpọ̀, nítorí òtútù àti òùngbẹ ló ń ta ìrora náà jí: aṣọ tó nípọn, omi lọ́pọ̀lọpọ̀, oògùn rẹ̀ lọ́wọ́. Àdògán, ìta ni ààyè rẹ̀, bó ti wù kí eérú bò ó tó. Ẹni tó bá sì ń sun oko rẹ̀ nínú ọyẹ́ lọ́sàn-án gangan mọ ohun tó ń ṣe sí kòkó aládùúgbò rẹ̀. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní ilé ìdáná tàbí lábẹ́ fèrèsé. Fèrèsé ṣíṣí kò tó láti gbani. Kí ó jìnnà sí ilé tó mítà mẹ́fà ó kéré tán, kí ẹnu èéfín rẹ̀ sì kọ ẹ̀yìn sí wa. Èyí kan ilé Ọlọ́run náà. Ní ìṣọ́ òru ìparí ọdún, a máa ń ti fèrèsé nítorí ọyẹ́, àwọn ọmọ wa ń sùn lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ní ọ̀pọ̀ ìjọ ẹ̀yìn ògiri yẹn gan-an sì ni jẹnẹrétọ̀ ti ń ké. Wáyà gígùn ni a nílò láti gbé e jìnnà. Kí àwọn alámòójútó ilé ìjọsìn wọn ibẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n sì rà á kí oṣù kejìlá tó wọlé.