Ìrìn Kan Láti Sabon Gari

Ọmọ Yorùbá tó dàgbà sí Sabon Gari ní Kano a máa wọkọ̀ lọ wo omi Olúmìrìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, síbẹ̀ kò tíì gun òkè Dala tó wà nítòsí ilé. Ó yẹ kí ìyẹn yí padà.

Ìrìn náà kò le. Èèyàn á gba ẹnubodè Kofar Mata wọ ìlú àtijọ́, níbi tí ìtàn ti sọ pé àwọn aláró ti ń rẹ aṣọ láti ọdún 1498. Aṣọ á jáde nínú kòtò ní àwọ̀ ewé. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i, á di aró lójú ẹni. Ó kan Gidan Makama tó ti di mùsíọ́mù, ọjà Kurmi àti òkè Dala, kí ẹsẹ̀ tó gba Kofar Wambai padà sílé.

Ògiri ìlú ló ń dunni. Ayé ọba Gijimasu, tó jẹ láti 1095 sí 1134, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àmọ́ àwọn tó ń wa erùpẹ̀ rẹ̀ kọ́lé ti sọ ọ́ di òkìtì níbi púpọ̀. Kí ìjọba dá wọn dúró, kí ó sì la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ṣẹ́kù, kí àwọn ọmọ iléèwé Sabon Gari lè máa rìn ín lọ́dọọdún.