Àdàkọ Tí A Kò Yẹ̀ Wò, Ewu Ni

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin ará mọ́sáláṣí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kò sí ọmọ ilé kéwú tí kò mọ iṣẹ́ àdàkọ. Bí a bá kọ ẹ̀kọ́ sára wàláà tán, a óò gbé e fún alùfáà kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí àmì kan péré tó sọnù lè yí ìtumọ̀ padà. Ohun tí à ń wí lónìí ni pé irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó wà nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ wa.

Nínú èdè C, tí Dennis Ritchie ṣe ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1972, àṣẹ mẹ́rin ni a fi ń da fáìlì kọ lórí Unix. Open ń ṣí fáìlì, read ń bu báìtì inú rẹ̀, write ń dà á sínú fáìlì tuntun, close ń pa á dé. Bí ẹni ń fi igbá bu omi láti inú ìkòkò kan sí òmíràn ni. Read á sọ iye tí ó bù: 0 túmọ̀ sí pé fáìlì ti tán, -1 sì jẹ́ àṣìṣe. Write náà á sọ iye tí ó dà, ó sì lè dín sí iye tí a rán an, pàápàá bí díìsìkì bá kún.

Ibí ni ewu wà. Ọmọ tí kò bá wo èsì write á rò pé iṣẹ́ ti pé, á sì pa fáìlì àtijọ́ rẹ́. Ọjọ́ tó bá ń wá ìdajì ìwé rẹ̀ ni ojú rẹ̀ yóò là. Bí ó bá sì fi O_TRUNC ṣí fáìlì kan náà tó fẹ́ kà, gbogbo rẹ̀ ti lọ kí ó tó ka báìtì kan.

Ti yíyí lẹ́tà padà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń kọ́ ọmọ pé kí ó yọ 32 kúrò nínú lẹ́tà kékeré, yóò di ńlá: a jẹ́ 97, A jẹ́ 65. Òótọ́ ni, fún Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n nínú UTF-8, ẹ wa jẹ́ báìtì mẹ́ta: 225, 186, 185, Ẹ sì jẹ́ 225, 186, 184. Ìyàtọ̀ wọn kò ju 1 lọ. Ètò tó mọ a dé z nìkan á sọ ẹja di ẹJA. Lẹ́tà Lárúbáwá, tí ń gba báìtì méjì, kò tilẹ̀ ní ńlá tàbí kékeré. Ẹni tó bá yọ 32 lára báìtì rẹ̀, ó ti bà á jẹ́ nìyẹn.

Àwọn kan á ní àṣẹ cp ti wà, kí ni wàhálà yìí fún? A gbà pé cp dára fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ṣùgbọ́n cp kò lè kọ́ ọmọ ní ìṣọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni ojú olójú kò jọ ojú ẹni.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe gba ètò tí kò yẹ èsì read àti write wò lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ fi gbólóhùn Yorùbá àti ti Lárúbáwá dán an wò. Lẹ́yìn àdàkọ, ẹ jẹ́ kí ó fi cmp gbé fáìlì méjèèjì kò ara wọn. Bí cmp bá dákẹ́, wọ́n bá ara mu. Ìgbà náà ni kí ó tó pa ti àtijọ́ rẹ́.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ìmọ̀ àwọn ọmọ wa ṣe wá ní àǹfààní. Àmín.